Ta Ló Ni Oko, Ta Ló Ni Ilẹ̀? Bí A Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ìwádìí nípa Ènìyàn àti Àyíká

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín nípa iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó wà. Mo fẹ́ sọ ibi tí ènìyàn ti lè kọ́ ọ, àti bí a ṣe ń rí ẹgbẹ́ tí a ó jọ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe.

Nígbà kan, mo lọ ṣe ìwádìí ní abúlé kan tí wọ́n ti ń gbin kòkó, nítòsí Ilé-Ifẹ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí tí àwọn àgbẹ̀ kan fi ń gbin igi mìíràn sáàárín kòkó wọn, tí àwọn mìíràn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti túmọ̀ ìwé ìbéèrè mi sí Yorùbá kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Inú mi ń dùn, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kejì nínú ìwé náà ni pé: “Ta ló ni oko yìí?” Gbogbo àwọn bàbá tí mo bi ló dáhùn pé: “Èmi ni.” Mo sì ń fi àmì sí i pé àwọn ló ni ilẹ̀. Ogójì ènìyàn ni mo bi bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ka àwọn ìdáhùn náà sókè fún ìyá tí mo wọ̀ sí ilé wọn. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, oko lo béèrè lọ́wọ́ wọn. O ò béèrè ilẹ̀.”

Ẹ wò ó! Ẹni tó gbin kòkó ló ni oko, nítorí òun ló ni igi kòkó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí igi náà wà lórí rẹ̀ lè jẹ́ ti ìdílé mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wọ̀nyẹn ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ máa ń mú lọ fún onílẹ̀, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Láyé àtijọ́, ó lè jẹ́ iṣu tàbí epo. Nígbà tí kòkó dé, ó di kòkó tàbí owó. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso Gómìnà, síbẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ kò parẹ́. Ẹni tó ń san án kì í sì í ṣàdédé gbin igi tuntun láìsọ fún onílẹ̀, nítorí igi máa ń pẹ́ lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá gbin igi, ó dà bí ẹni tó ń sọ pé òun ò níí kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ìdáhùn tí mo wá kiri láti òkè òkun wà nínú ìbéèrè tí n kò béèrè. Èyí tó burú jù ni pé, ká ní ètò kan dé tó fẹ́ máa fún “onílẹ̀” lówó kó lè gbin igi, tí wọ́n sì lo ìwé mi, ìjà ni ì bá dé sí abúlé yẹn. Mo mọ ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àròkọ yìí: kí ẹ má baà ṣe irú rẹ̀.

Irú iṣẹ́ wo nìyí?

Ẹ jẹ́ kí n fi odò ṣe àpẹẹrẹ. Tí odò kan bá dọ̀tí, onímọ̀ kẹ́mísìrì á bu omi rẹ̀ sínú ìgò, á sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Onímọ̀ nípa ẹja á sọ irú ẹja tó ń kú. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà nílẹ̀. Ta ló ń da ìdọ̀tí síbẹ̀? Kí ló dé tí kò rí ibòmíràn dà á sí? Ta ló láṣẹ láti sọ fún un pé kó má dà á mọ́? Ta ni yóò gbọ́, ta ni kò níí gbọ́? Ta ló ń pọn omi náà lọ sílé?

Ẹni tó ń béèrè irú ìbéèrè wọ̀nyí ni mo ń pè ní onímọ̀ nípa ènìyàn àti àyíká. Ó lè ti ẹ̀ka ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá wá, tàbí jọ́gíráfì, tàbí ìmọ̀ òṣèlú, tàbí ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, tàbí ìmọ̀ nípa àṣà. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọ́n gbà pé igbó, omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kì í dá bàjẹ́, wọn kì í sì í dá tún ara wọn ṣe. Ọwọ́ ènìyàn máa ń wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ìkọ́ṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ó ní láti mọ bí a ṣe ń wo àyíká, kó sì mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kíláàsì lè kọ́ wa ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó kù, àfi kí a lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Bloomington

Ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ọmọ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ télọ̀, kì í ṣe ìwé ni wọ́n máa rà fún un. Wọ́n á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Ọmọ-iṣẹ́ á gbálẹ̀, á lọ aṣọ, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó so bọ́tìnnì. Ọjọ́ á pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà. Nígbà tó bá mọ iṣẹ́ tán, á gba fíríìdọ́ọ̀mù, wọ́n á sì ṣe ayẹyẹ fún un.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀kan nínú àwọn ibi tó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fún un. Ní ọdún 1973, Elinor Ostrom àti ọkọ rẹ̀, Vincent Ostrom, dá ibi ìwádìí kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Indiana, ní ìlú Bloomington ní Amẹ́ríkà. Workshop ni wọ́n pè é, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́. Tọkọtaya náà ti ń lọ bá káfíńtà kan ní ìlú náà ṣe àga àti tábìlì. Wọ́n wá rí i pé bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ igi ló yẹ kí a máa kọ́ iṣẹ́ ìwádìí: kí ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ jọ wà nídìí iṣẹ́ kan náà. Àwọn méjèèjì kú ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà. Ostrom Workshop ni wọ́n ń pè é lónìí.

Ìtàn Elinor fúnra rẹ̀ yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Nígbà tó fẹ́ kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní UCLA, ẹ̀ka ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kò fún un láyè, nítorí pé ìṣirò tó ti kọ́ kò tó. Ó bá lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ òṣèlú. Nínú kíláàsì kan tí Vincent ń kọ́ níbẹ̀, wọ́n pín àwọn ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀ ní gúúsù California fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí wọ́n ń pè ní West Basin ló bọ́ sọ́wọ́ Elinor. Gbogbo ènìyàn ló ń fa omi níbẹ̀, omi òkun sì ti ń wọ inú kànga. Elinor lọ wo bí àwọn tó ń fa omi náà ṣe kó ara wọn jọ, bí wọ́n ṣe lọ sí kóòtù, àti bí wọ́n ṣe fẹnu kò lórí iye tí kálukú yóò máa fà. Iṣẹ́ kíláàsì yẹn ló di ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1965. Ní 2009, òun àti Oliver Williamson jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìmọ̀ tí wọn kò fún un láyè láti kà, inú rẹ̀ ló ti gba ẹ̀bùn! Apá tirẹ̀ nínú owó náà, ṣọ́ọ̀bù ló kó o fún.

Kí ló wá rí tó fi gbẹ̀bùn? Ní 1968, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Garrett Hardin kọ̀wé pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni yóò bà á jẹ́. Ó ní bí pápá ìjẹko bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo darandaran, olúkúlùkù á máa fi màlúù kún màlúù títí koríko á fi tán. Nínú ìwé tí Elinor kọ ní 1990, ó fi hàn pé kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní abúlé Törbel ní Switzerland, láti ọdún 1517 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó màlúù lọ sórí òkè ju iye tó lè bọ́ nígbà òtútù lọ. Ní Valencia ní Sípéènì, àwọn àgbẹ̀ tó ń bu omi odò kan náà rin oko wọn ní kóòtù tiwọn, tó ń jókòó ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló ṣòfin, àwọn fúnra wọn ló sì ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín? Ohun àjùmọ̀ní là ń sọ yìí.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Bloomington, torí ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ lè fi wọ́n wá ṣọ́ọ̀bù tó dára.

Èkíní, wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń ṣe ìpàdé kékeré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mú iṣẹ́ wọn wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó kọ iṣẹ́ ló ń kà á fún ìpàdé. Ẹlòmíràn ló ń ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ á sì jókòó, á máa gbọ́. Ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá ohun tó ní lọ́kàn ni ẹlòmíràn rí kà. Ká ní mo fún ẹnìkan ní ìwé ìbéèrè mi kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, “oko” àti “ilẹ̀” ì bá ti hàn kí n tó kúrò nílé.

Èkejì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pápá pọ̀. Ní 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ IFRI, lórí igbó àti àwọn tó ń lo igbó. Àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè bíi Uganda, Nepal àti Bolivia kọ́ ìlànà kan náà, wọ́n sì ń béèrè ìbéèrè kan náà nínú igbó tiwọn, kí wọ́n lè fi igbó kan wé òmíràn. Onígi á wọn igi. Ẹnìkejì rẹ̀ á bá ìyá tó ń ṣa igi ìdáná sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ètò náà kó lọ sí Yunifásítì Michigan.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó gba fíríìdọ́ọ̀mù kì í sá lọ. Láti 1994, ọdún márùn-ún márùn-ún ni àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ máa ń padà wá sí ìpàdé ńlá kan ní Bloomington. Ọmọ-iṣẹ́ àná ti di ọ̀gá, ó sì ń mú ọmọ-iṣẹ́ tirẹ̀ bọ̀.

Ibòmíràn tí a ti lè kọ́ṣẹ́

Kì í ṣe gbogbo wa la máa lọ sí Indiana. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú àwọn ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ ń wá.

Tí nọ́ńbà bá ń dẹ́rù bà yín, ètò ìgbà ooru ICPSR wà ní Ann Arbor, ní Yunifásítì Michigan. Láti 1963 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ní ìṣirò tí wọ́n nílò fún ìwádìí. Ó ń gba owó, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́. Ẹ tètè béèrè.

Tó bá jẹ́ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọkàn yín wà, ẹ mọ orúkọ WASCAL. Orílé-iṣẹ́ àjọ náà wà ní Accra, ìjọba Jámánì sì wà lára àwọn tó ń fowó tì í lẹ́yìn. Lórí ìyípadà ojú ọjọ́ àti ìlò ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwé gíga nínú yunifásítì ní àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀kan wà ní FUTA ní Àkúrẹ́, òmíràn wà ní Abomey-Calavi ní Benin, òmíràn sì wà ní Lomé ní Togo. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn ni àyè ẹ̀kọ́ náà wà fún. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, Benin tàbí Togo, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní, ẹ lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ pọ̀. Ẹ rántí pé Yorùbá kò tán sí ẹnu bodè. Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé, tí ẹ bá dé Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ ní Benin, Yorùbá yín lè wúlò ju Gẹ̀ẹ́sì yín lọ.

CODESRIA tún wà ní Dakar, láti 1973. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ní Áfíríkà ló ni í, wọ́n sì máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń ṣe ìwádìí.

Ní ọgbà yunifásítì tiyín náà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò: èyí tó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń bi ní ìbéèrè. Ní Amẹ́ríkà, ìwé kan tó ń jẹ́ Belmont Report, tó jáde ní 1979, sọ ohun mẹ́ta tó yẹ kí olùwádìí ṣe: kó bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, kó ṣe rere kó má ṣe ibi, kó sì ṣe ẹ̀tọ́ fún tọ̀tún tòsì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé fọ́ọ̀mù lásán ni. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù lásán o. Ìwà ọmọlúwàbí ni, tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ọjọ́ tó wà lára ìwé ìpolówó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Irú ètò wọ̀nyí máa ń ṣí, wọ́n sì máa ń tì. Bí àpẹẹrẹ, IHDP, tó wà ní Bonn ní Jámánì láti 1996, kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùwádìí níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2014, iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Future Earth. Ẹ ṣì lè rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àtijọ́.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà

Ẹni tó bá dá iṣẹ́ yìí ṣe, á pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ tó bá ọ̀rọ̀ ohun àjùmọ̀ní mu jù ni IASC. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1989. Ní nǹkan bí ọdún méjì méjì, wọ́n máa ń ṣe ìpàdé àpérò káàkiri àgbáyé. Ó ti wáyé ní Victoria Falls ní Zimbabwe ní 2002, ó sì wáyé ní Nairobi ní 2023. Owó ẹgbẹ́ kò dọ́gba: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, díẹ̀ ló ń san. Láti 2007 ni ìwé àtìgbàdégbà wọn, International Journal of the Commons, ti ń jáde, ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Yunifásítì Indiana náà ní ilé ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Digital Library of the Commons, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Báwo lẹ ṣe máa wọ ẹgbẹ́? Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ wa. A máa ń rò pé àfi ẹni tó bá lẹ́nu dáadáa. Rárá o. Ẹ ti mọ ohun tó gbà tẹ́lẹ̀: ìkíni ni. Ẹ ka iṣẹ́ ẹni náà kí ẹ tó kọ̀wé sí i. Ẹ kí i. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ibi tí ẹ ti ń kàwé. Ẹ sọ ohun kan tí ẹ kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó lè dáhùn láìjókòó pẹ́. Bó bá dáhùn, ẹ dúpẹ́. Tí ẹ bá lo ìmọ̀ràn rẹ̀, ẹ kọ̀wé padà kí ẹ sọ bó ṣe rí. Àwọn Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìrírí. Ṣùgbọ́n ó lè máa wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò bá a tẹ́tí sí ohùn tó gbà sílẹ̀ lóko.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹni tí ẹ jọ ń jẹun ní ìpàdé lónìí ló lè pè yín síṣẹ́ lọ́dún mẹ́wàá òní.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀ o! Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ímeèlì pe akẹ́kọ̀ọ́ sí “ìpàdé àgbáyé” tí kò sí níbì kan. Ẹ ó rí i tí wọ́n ń yìn yín kọjá bó ṣe yẹ, tí wọ́n gba iṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ kan láìkà á, tí wọ́n sì ń béèrè owó kíákíá. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fi ìwé náà han olùkọ́ yín. Ẹ wo orúkọ àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀, kí ẹ sì bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Yorùbá tí ẹ ń kọ́ yìí, irinṣẹ́ ni

Àwọn kan máa ń bi wá pé kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ méjì dáhùn: àáró àti ọ̀wẹ̀. Tí ẹ bá wo àwọn àgbẹ̀ mẹ́wàá tó ń ro oko kan pọ̀, ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé “wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́”. Ṣùgbọ́n èwo ni? Bó bá jẹ́ àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ ló ń bá ara wọn ṣe é ní ẹsẹẹsẹ. Oko mi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Gbèsè ni, ó sì gbọ́dọ̀ pé. Bó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, ẹnìkan ló bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ sí iṣẹ́ ńlá, yóò sì fún wọn ní oúnjẹ àti ohun mímu. Kò sí ẹni tó ń ka iye ọjọ́ tí yóò san padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí abúlé kan ṣe lè jọ tún odò wọn ṣe, ó yẹ kó mọ èyí tí wọ́n máa pè é. Tí ẹ bá pe àáró ní ọ̀wẹ̀, ẹ lè máa retí ìfẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ka gbèsè.

Àwọn ọmọ wa ti fi èdè ṣe ìmọ̀ ṣáájú wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akíwọwọ, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Ifẹ̀, mú ọ̀rọ̀ àsùwàdà láti inú ẹsẹ Ifá, ó sì fi ṣàlàyé bí ẹ̀dá ṣe ń wà pọ̀. Ní 1986, iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà International Sociology, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn sì bá a jiyàn lórí rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí ìmọ̀ rí nìyẹn.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ ní sáà yìí

Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá gboyè. Mo dá a lábàá pé:

1. Ẹ yan ohun àjùmọ̀ní kan nítòsí yín, ó lè jẹ́ ọgbà ìtura, odò, tàbí ibi tí àwọn ará àdúgbò ti jọ ń gbin ẹ̀fọ́. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ kọ ẹni tó ń lò ó, òfin tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀.

2. Ẹ fi Yorùbá bá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀, yálà ìyá yín, ẹ̀gbọ́n bàbá yín tàbí ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo omi, igi tàbí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

3. Tí ẹ bá túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, ẹ fún ẹlòmíràn kó tún un túmọ̀ padà, láìjẹ́ kó rí ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi bi ènìyàn mẹ́ta péré, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tó yé wọn.

4. Ẹ kó ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ, kí ẹ máa ka iṣẹ́ ara yín. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún yín. Ṣọ́ọ̀bù yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

5. Nígbà tí ẹ bá dé abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Tí ẹ bá bá àgbẹ̀ lóko, ẹ má yọ ìwé. Ẹ kí i pé, “Àroko bọ́dún dé o.” Ìbéèrè lè dúró.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe parí. Mo pín ìbéèrè náà sí méjì: “Ta ló gbin igi yìí?” àti “Ta ló ni ilẹ̀ tí igi yìí wà lórí rẹ̀?” Ìyá tí mo wọ̀ sí ilé wọn ló bá mi tún un ṣe. Mo padà lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá wọ̀nyẹn, mo tọrọ àforíjì, mo sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kan ní, “O ti ń di ọmọ ilé.” Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo rí bá kí ọjọ́ ìrìnàjò mi tó pé. Àwọn mọ́kànlá tó kù, mo yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ mi, mo sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ ìyá yẹn kò sí lára ìwé ẹ̀rí kankan tí mo ní, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ni wọ́n.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ máa béèrè, ẹ sì máa béèrè dáadáa. Ire o.